Àkànní, Wọlé

Lójú àwọn awakọ̀ tírélà tó máa ń sùn sí ibùdókọ̀ Coconut, orí Ephraim Ọdẹ́yẹmí kò pé mọ́. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rí bàbá náà, ẹni tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, tó jókòó sínú mọ́tò lọ́sàn-án gangan, tó yí gbogbo gíláàsì sókè nínú ooru tó ń mú kí táyà máa rùn. Ẹnì kan ní òtútù àyà ló ń bá a jà. Òmíràn ní ààwẹ̀ ló ń gbà. Wọ́n sọ ọ́ títí ó fi sú wọn, wọ́n bá padà sídìí ayò. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó sọ ọ́ bó ṣe rí. Orin ni bàbá ń gbọ́, kò sì fẹ́ kí etí mìíràn bá òun gbọ́ ọ.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni pé ó ń wa mọ́tò fún Motọ́láyọ̀, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù wọn jáde ní pọ́ọ̀tù. Wharf Road ni ọ́fíìsì wọn wà. Bí ilẹ̀ bá mọ́, Ephraim á gbé e dé Coconut, Motọ́láyọ̀ á ki fáìlì bọ abẹ́ apá, á wọnú pọ́ọ̀tù Tin Can lọ, ó di ìgbà tó bá jáde. Nígbà mìíràn wákàtí méjì ni, nígbà mìíràn márùn-ún. Ibì kan náà ni Ephraim máa ń páàkì sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ Ebimobowei, rìwáyà tó ń tún iná mọ́tò ṣe, torí pé ibẹ̀ nìkan ni ibòji igi máa ń dé lọ́wọ́ ọ̀sán. Ó súnmọ́ ìsọ̀ náà tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé bí rìwáyà bá na ọwọ́, á kan bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Rédíò inú mọ́tò náà ti darúgbó. Ó ní ojú kásẹ́ẹ̀tì tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́, kò sì ní ihò kankan tí èèyàn lè ki nǹkan ìgbàlódé bọ̀. Ìdí nìyẹn tí Ephraim fi ra módúlétọ̀, nǹkan kékeré kan tí wọ́n ń kì bọ ihò tí àwọn amusìgá fi ń tanná nínú mọ́tò. Á fi wáyà so MP3 rẹ̀ mọ́ ọn, módúlétọ̀ á gbé ohùn inú MP3 sáfẹ́fẹ́, rédíò mọ́tò á sì gbà á bí ìgbà tó jẹ́ pé ilé iṣẹ́ rédíò gidi ló ń sọ̀rọ̀. Ó ti yí rédíò náà dé ìbẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà pátápátá, níbi tí kò ti sí pásítọ̀, tí kò sí alásọyé bọ́ọ̀lù, tí kò sí ẹni tó ń polówó àgbo jẹ̀díjẹ̀dí. Ariwo ṣáá ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ló fi ohùn ìyàwó rẹ̀ sí.

Morádéún ni obìnrin náà ń jẹ́. Odindi ọdún mọ́kàndínlógún ló fi darí ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ajégúnlẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wà láàárín àwọn tó ń kọ béèsì. Ohùn Ephraim dára, ẹnikẹ́ni kò bá a jiyàn ìyẹn, àmọ́ ọkùnrin náà kò mọ ìgbà tó yẹ kó lanu. Bí àkókò béèsì bá tó láti wọlé, àwọn yòókù á ti wọlé, wọ́n á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó, kí òun tó máa kanlẹ̀kùn. Ìwé orin wà lọ́wọ́ rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n fún ẹwà ni.

Nígbà tí Ìkórè ọdún kan ń bọ̀, Morádéún ṣe orin tuntun kan fún un. Ó wá rò ó pé òun kò ní jẹ́ kí ọkọ òun tún dójú ti òun níwájú ìjọ. Ọmọ wọn kan ṣoṣo, Ṣayọ̀, ti fi MP3 kan sílẹ̀ nígbà tó ń lọ sí Ireland, MP3 náà sì lè gba ohùn sílẹ̀. Morádéún gbé e lọ sí kíṣíìnì, ó gbé ẹ̀wà kaná, ó sì kọ orin náà sínú rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ nìkan. Báyìí ló kọ ọ́:

*Ilé Rẹ tóbi, Baba,*
*Ilẹ̀kùn rẹ̀ kò tì;*
*Mo ti ọ̀nà jíjìn bọ̀,*
*Ṣé àyè ṣì wà fún mi?*

Ibẹ̀ ló ti yẹ kí béèsì dáhùn pé, *Àyè wà, àyè wà.* Morádéún kò kọ ìdáhùn yẹn rárá. Bó bá ti dé ibẹ̀, á kàn pe ọkọ rẹ̀ pé, "Àkànní, wọlé," á sì dákẹ́ fún un, ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn lè fi mi orí lẹ́ẹ̀mẹrin. Lẹ́yìn náà ni yóò wá sọ pé, "O tún ti pẹ́. Ó dáa, jẹ́ ká tún un mú láti òkè." Ẹ wo ìwà obìnrin! Ọkọ rẹ̀ kò tíì gbọ́ orin, ó ti bá a wí sílẹ̀ pé ó pẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló tún un mú bẹ́ẹ̀. Èèyàn á máa gbọ́ tí ẹ̀wà ń hó lẹ́yìn rẹ̀, á sì gbọ́ fèrè kẹ̀kẹ́ kan tó kọjá lójúde wọn, pì-ín pí-ìn, láàárín ìlà kejì àti ìkẹta.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Ìkórè pé ni ẹ̀jẹ̀ ríru gbé Morádéún ṣánlẹ̀, kò sì lo ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀. Orin mìíràn ni ẹgbẹ́ akọrin kọ. Láti ìgbà náà, ó ti di oṣù mẹ́rìnlá, aṣọ akọrin Ephraim ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn níbi tí aya rẹ̀ fi kọ́, kò sì padà sídìí béèsì mọ́. Ẹ̀yìn pátápátá ló máa ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, bí wọ́n bá sì ti ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, á ti dé títì.

Kì í ṣe pé kò rí èèyàn bá sọ̀rọ̀. Ta ló ń gbé Ajégúnlẹ̀ tí kò rí èèyàn? Ilé oníyàrá mẹ́rìndínlógún ló ń gbé, bí aládùúgbò rẹ̀ bá sín, òun ló máa kí i pẹ̀lẹ́. Ohun tó ń dùn ún ni pé kò sí ẹni tó ń pè é mọ́. Ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Àkànní, nígbà tí ìyá kú, Morádéún nìkan ló kù tó ń fi oríkì yẹn pè é. Níwájú èèyàn, "Bàbá Ṣayọ̀" ni Morádéún máa ń pè é, pẹ̀lú "ẹ" àti ọ̀wọ̀. Bí wọ́n bá ti ti ilẹ̀kùn, ó di Àkànní. Ní báyìí, Bàbá Ṣayọ̀ ni ní ṣọ́ọ̀ṣì, Dádì ni lórí fóònù, Bàbá ni lẹ́nu Motọ́láyọ̀, Pápà ni ní Coconut. Gbogbo wọn ló ń jẹ́, inú rẹ̀ kò sì dùn sí ọ̀kan kan nínú wọn.

Nítorí náà, bí Motọ́láyọ̀ bá ti wọ Tin Can, Ephraim á yí gíláàsì sókè, á fi tówẹ̀lì bo módúlétọ̀ àti MP3 kí ẹnikẹ́ni tó bá yọjú má baà béèrè ohun tó jẹ́, á sì tan rédíò. Kò lè gbọ́ ọ nílé, torí pátákó ni wọ́n fi pín yàrá rẹ̀ sí méjì, gbogbo ilé ni ìbá wá máa bá a kẹ́dùn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bátìrì MP3 náà ti kú tipẹ́, ojú rẹ̀ ti ṣókùnkùn, àfi bó bá ń fa iná lára mọ́tò nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Á gbọ́ títí dé "Àkànní, wọlé." Nígbà mìíràn á gbìyànjú láti dáhùn, á sì pẹ́. Nígbà mìíràn kò ní dáhùn rárá, á kàn jókòó, á jẹ́ kí wọ́n máa pe òun.

Ṣayọ̀ ti bá a sọ ọ́ títí. "Dádì, ẹ fún ẹnì kan tó mọ kọ̀ǹpútà, kó bá yín dà á sórí fóònù. Kò lè gba ìṣẹ́jú márùn-ún."

"Ohùn tí ìyá rẹ fi ń pè mí kọ́ ni wọ́n máa gbé sórí tábìlì níbi tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe," ni Ephraim dá a lóhùn.

Agídí ni, kò ní orúkọ mìíràn. Ó dá a lójú pé níwọ̀n ìgbà tí gíláàsì bá ti wà lókè, kò sí ẹni tó lè gbọ́ aya òun láyé àfi òun nìkan. Ìgbà tí Ebimobowei bá kan gíláàsì láti kí i, "Pápà, ẹ ti jẹun?", á sáré rẹ rédíò sílẹ̀, á juwọ́ sí i, á sì gbójú kúrò. Oṣù mẹ́rìnlá tí wọ́n fi jẹ́ aládùúgbò, ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ara wọn sọ kò kún àwo.

Ọjọ́rú kan ni Motọ́láyọ̀ sáré jáde láti Tin Can, bàtà lọ́wọ́, fáìlì láyà. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa lọ! Aago mẹ́rin ni wọ́n máa ti ọ́fíìsì kọ́sítọ́ọ̀mù ní Wharf Road, bí ìwé yìí ò bá dé ibẹ̀ lónìí, ó tún di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀!"

Ephraim yí kọ́kọ́rọ́. Mọ́tò ní "kẹ́," ó dákẹ́. Ó tún un yí, kò tilẹ̀ ní "kẹ́" mọ́. Rédíò tó ti ń kọrin láti àárọ̀ láìtan ẹ́ńjìnnì ti fa bátìrì gbẹ. Motọ́láyọ̀ gbé ọwọ́ lérí.

Ebimobowei ti ń bọ̀. Ọmọ Ìjọ́ ni, ó síngbọnlẹ̀, bí ó bá sì gbé bátìrì méjì lọ́wọ́, á dà bíi pé búrẹ́dì ló gbé. Ó gbé wọn kalẹ̀ síwájú mọ́tò, ó na wáyà, ó wá yọjú sí Ephraim lójú fèrèsé.

"Pápà, dis one na trailer battery o, two wey join body. E strong pass dis small motor. Gbogbo nǹkan tó wà nínú ihò yẹn, ẹ yọ ọ́. Charger, anything. If you leave am, e go burn. Ẹ gbọ́?"

Ephraim wo tówẹ̀lì náà. Motọ́láyọ̀ ti na ọrùn wọ fèrèsé kejì. Awakọ̀ tírélà mẹ́ta ti wá dúró wòran, àwọn kan náà tó ní orí rẹ̀ kò pé. Bó bá ṣí i báyìí, wọ́n á ní, Bàbá, kí nìyẹn? Kí ló wà nínú ẹ̀? Ẹ tàn án ká gbọ́.

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀," ó ní.

"Pápà, you sure?"

"Mo ní kò sí!" Ó jágbe mọ́ ọn.

Ebimobowei fi wáyà kan bátìrì. Ephraim yí kọ́kọ́rọ́, mọ́tò bú sẹ́kún lẹ́ẹ̀kan náà, Motọ́láyọ̀ pàtẹ́wọ́, ó wọlé sẹ́yìn mọ́tò. Wọn kò tíì kúrò ní Coconut tí òórùn rọ́bà tó ń jó fi bẹ̀rẹ̀ sí jáde lábẹ́ tówẹ̀lì.

"Bàbá, kí ló ń rùn bẹ́ẹ̀?"

"Tírélà tó wà níwájú wa ni," ni Ephraim wí. Ó fẹ́ dúró, ó fẹ́ fa nǹkan náà yọ, ṣùgbọ́n aago ń lọ, irọ́ tó sì ti pa ti dì í lẹ́nu. Báyìí ló ṣe wa mọ́tò dé Wharf Road, tí aya rẹ̀ ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún rẹ̀.

Ìwé Motọ́láyọ̀ wọlé. Ìgbà tó gun òkè lọ tán ni Ephraim ṣí tówẹ̀lì. Módúlétọ̀ ti là sí méjì. Ẹ̀yìn MP3 ti wú, ó ti yọ́ lápá kan. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́, ó fi ẹ̀wù nù ún, ó tún tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí Motọ́láyọ̀ sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín, tó ní "Bàbá, Ọlọ́run á bùkún yín," ó dáhùn pé àmín.

Lọ́jọ́ kejì, ó ṣe ohun tó kọ̀ láti ṣe fún oṣù mẹ́rìnlá: ó gbé MP3 náà dé ọjà Boundary, ó fi lé ọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe lọ́wọ́, lórí tábìlì, lójú ayé. Ọkùnrin náà tú u, ó gbóòórùn rẹ̀, ó mi orí.

"Bàbá, inú ẹ̀ ti jóná tán. Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Orin ni."

"Orin wo? Ẹ dárúkọ ẹ̀, kí n bá yín wá a lórí íńtánẹ́ẹ̀tì."

Ephraim dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gba nǹkan rẹ̀, ó fi sápò. Nígbà tí Ṣayọ̀ pè lọ́jọ́ Àìkú, tó tún béèrè bóyá wọ́n ti da orin Mọ́mì sórí fóònù, ó ní, "Mo máa ṣe é." Kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ irú rẹ̀ fún ọmọ.

Èyí tó burú jù lọ ni pé kò lè pe ohùn náà wá fúnra rẹ̀. Á dùbúlẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ orin náà nínú ọkàn, *Ilé Rẹ tóbi, Baba.* Ọ̀rọ̀ á wá, ṣùgbọ́n ohùn ara rẹ̀ ló ń gbọ́. Bó bá dé ibi Àkànní, òun fúnra rẹ̀ ló ń pe ara rẹ̀. Ta ni ń pe ara rẹ̀ wọlé? Á yí ojú sí ògiri. Ọ̀fọ̀ kejì ló ń ṣe yìí, kò sì sí ẹni tó lè kí i kú ọ̀fọ̀.

Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, ó páàkì sábẹ́ ibòji gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Gíláàsì wà nílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, torí kò sí ohun tó ń fi pamọ́ mọ́. Bóyá ìdí nìyẹn tó fi gbọ́ tí Ebimobowei ń bú rédíò rẹ̀ nínú ìsọ̀. Ara mọ́tò kan tó ti Japan wá ni wọ́n ti tú rédíò náà, ibi tí nọ́ńbà rẹ̀ parí sí ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ rédíò Èkó ti bẹ̀rẹ̀. Rìwáyà náà gbá a nípàá. Ariwo ló ń jáde.

"Kí ló ṣe é?" ni Ephraim béèrè. Kò mọ ohun tó mú òun béèrè. Bóyá kí ọ̀sán lè lọ ni.

"Pápà, my station don die!" Ebimobowei fi ọwọ́ méjèèjì hàn án bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀ gbé. "Na only that station dis radio dey carry clear. Ìyá kan ló wà níbẹ̀, ìyá Yorùbá. Ojoojúmọ́, for afternoon, she go sing. One song, one song, e no dey tire me. Since last week, nothing. I change aerial, I change fuse. I don loose am three times."

Ephraim di ilẹ̀kùn mọ́tò mú. Gbogbo oṣù mẹ́rìnlá ló já lù ú lẹ́ẹ̀kan náà. Gíláàsì ló fi ń dí ọ̀nà, gíláàsì kò sì mọ nǹkan kan nípa rédíò. Ohùn tí módúlétọ̀ gbé sáfẹ́fẹ́ ti ń fò kọjá lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń wọ ìsọ̀ ọmọ Ìjọ́ yìí lójoojúmọ́, ó ń jókòó tì í lẹ́nu iṣẹ́. Ó yẹ kí ó bínú. Ó wá ìbínú náà nínú ara rẹ̀, kò rí i.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó rìn dé ẹnu ìsọ̀. "Ṣé o gbọ́ ohun tí wọ́n ń kọ nínú orin náà?"

"Yorùbá mi kéré, Pápà. I no sabi the meaning. But the song, I sabi am finish. Ẹ gbọ́."

Ebimobowei gbé skurudráífà sílẹ̀. Ó nu ọwọ́. Ọkùnrin gìrìwò yìí fún ọ̀fun rẹ̀ pọ̀ di ti obìnrin, ó dijú, ó sì bẹ̀rẹ̀.

*Ilé Rẹ tóbi, Baba, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò tì.* Ó fi ẹnu fun fèrè kẹ̀kẹ́: pì-ín pí-ìn. Kò rẹ́rìn-ín, lójú tirẹ̀, ara orin ni. *Mo ti ọ̀nà jíjìn bọ̀, ṣé àyè ṣì wà fún mi?*

"*Àkànní, wọlé.*"

Bí Morádéún ṣe ń sọ ọ́ gan-an ló ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú bó ṣe máa ń fa "wọ" díẹ̀ kó tó gé "lé" kúrò. Ó wá dákẹ́, ó ń mi orí: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Ephraim la ẹnu. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ohùn kò jáde.

"*O tún ti pẹ́,*" ni Ebimobowei ń bá orin rẹ̀ lọ, ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì, kò mọ ohun tó ń sọ, kò mọ ẹni tó ń sọ ọ́ fún. "*Ó dáa, jẹ́ ká tún un mú láti òkè.*"

Ó sì tún un mú. Ilé tóbi. Ilẹ̀kùn kò tì. Kẹ̀kẹ́ kọjá. Ephraim fi ọwọ́ kan di òpó ìsọ̀ mú, ó fa èémí sínú títí ó fi kún, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

"*Àkànní, wọlé.*"

*"Àyè wà,"* ni Ephraim kọ, *"àyè wà."*

Kò pẹ́ rárá lọ́tẹ̀ yìí. Béèsì náà jáde látìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀, ó wọlé síbi tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un, ó sì bá a mu rẹ́gí. Ebimobowei lajú. Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Pápà, how you take know that side? E no dey for the radio. Any time wey she reach there, the mama dey always keep quiet. And I think say that Àkànní na like Alleluia."

"Rárá o." Ephraim fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Èmi ni Àkànní. Jọ̀ọ́, tún un mú láti òkè."